Ìsinmi Tọkọtaya: Àga Méjì Lábẹ́ Igi Àgbọn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó létí ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù kà á dé òpin.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ìgbà wo ni ìwọ àti ọkọ rẹ, tàbí ìwọ àti aya rẹ, jọ kúrò nílé kẹ́yìn, tí kì í ṣe ìsìnkú, tí kì í ṣe ìgbéyàwó, tí kì í ṣe àpéjọ ìjọ, tí kì í sì í ṣe ilé ìwòsàn ni ẹ ń lọ? Bí o bá ní láti ronú pẹ́ kí o tó dáhùn, ìwọ nìkan kọ́. Ní ọdún 2022, àwa pàápàá ronú títí, a kò rí ìdáhùn kankan.

Àwòrán inú Bíbélì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ku ọdún kan kí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ wa obìnrin tí ó ń kàwé ní ìlú Òyìnbó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Òkun tí ó mọ́ lóló ni, pẹ̀lú iyanrìn funfun, àti àga méjì lábẹ́ igi àgbọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó sórí àga náà. Ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé erékùṣù kan ní Kàríbíánì ni, pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí Dádì àti Mọ́mì lọ sinmi nígbà tí ọdún bá pé.

Àwa ọkọ rẹ́rìn-ín. A ní ọmọ yìí kò mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ìyàwó wa kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ̀wé ní Alágbàká, wọ́n tẹ àwòrán náà jáde, ó sì fi í sínú Bíbélì rẹ̀. A kò mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, tiwa wà nínú ọkọ̀, a sì yá Bíbélì rẹ̀ láti fi kàwé. Bí a ti ṣí i, àwòrán náà já bọ́. Nígbà tí a mú un, a rí i pé ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀: “Ọdún 24. Kò tíì sí ẹ̀ẹ̀kan.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a bi í léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Ó ní, “Dádì, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkun yẹn dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe òkun ni mò ń wò. Àga méjì yẹn ni.”

A kò ní àwíjàre kankan. Àwọn tó mọ̀ wá pẹ́ yóò rántí pé ní ọdún 2009, a sọ pé a ń lọ sinmi ní Ìdànrè fún ọjọ́ mẹ́ta. Arákùnrin kan gbọ́, ó fi tó àwọn ará tó wà níbẹ̀ létí. Kí a tó dé, wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri: ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta! Àwa ń wàásù, ìyàwó wa ń bá àwọn obìnrin se oúnjẹ àwọn àlejò. A kò fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn òkè tí a tìtorí rẹ̀ lọ. Nígbà tí a padà dé Àkúrẹ́, a dìde nínú ìjọ, a dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún wa ní ìsinmi. Ìyàwó wa ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù.

A jókòó, a ṣírò rẹ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, a kò fi ọ̀rọ̀ erékùṣù náà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. A mú ìwé àti bírò, a jókòó tì í.

Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní apá ọ̀hún. Ní ọdún 1981, Gordon Stewart, oníṣòwò ará Jàmáíkà, ṣí ilé ìtura Sandals sí Montego Bay. Tọkọtaya ni ó dá a sílẹ̀ fún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sanwó, owó náà sì kárí ibùsùn, oúnjẹ àti eré orí omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Antigua, Saint Lucia àti Barbados. Ilẹ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Abúlé kan wà ní agbègbè Westmoreland ní Jàmáíkà tí ń jẹ́ Abẹ́òkúta títí di òní, nítorí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó rékọjá òkun ní ayé òwò ẹrú.

Ohun mẹ́ta ni ó yọjú nínú ìṣírò wa. Èkíní ni ọ̀nà. Ètò tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ ni pé kí a lọ sí Èkó, kí a wọ ọkọ̀ òfúrufú dé Lọ́ńdọ̀nù, kí a sì tún wọ òmíràn níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni a ó fi lọ, ọjọ́ méjì ni a ó fi bọ̀, yàtọ̀ sí wàhálà ìwé ìrìnnà àti físà. Èkejì ni àsìkò. Họ́lídè gígùn àwọn ọmọ wa, láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, bọ́ sí àárín ìgbà ìjì líle ní Kàríbíánì, èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà tí ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó bá rí i pé owó ilé ìtura wálẹ̀ lásìkò náà, kí ó mọ̀ pé kò ṣẹ̀yìn ìjì. Ẹ̀kẹta ni owó. Gbogbo rẹ̀ fún ẹni méjì ju owó oṣù wa ti ọdún méjì lọ. Ọmọ náà ní òun lè yá owó. A ní rárá. Ìsinmi tí yóò sọ ọmọ di ajigbèsè kì í ṣe ìsinmi.

Ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó wa béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣí wa lójú. Ó ní, “Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ń tà gan-an?” A ronú sí i, a sì kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ tí a ti dá tí kò ní yẹ̀, owó tí a ti san tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá, àti àìsí ẹni tí yóò pè wá. Ohun mẹ́rin náà nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òkun ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan tí tọkọtaya kò lè rí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí wọ́n bá fi ọkàn sí i.

Ibi wo ni a ó lọ?

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìlú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti bí ìyàwó wa. Ìyá rẹ̀ wà láyé, ilé wà, a kò sì ní sanwó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní, “Bí mo bá dé Oǹdó, ọmọ ilé ni mí. Màá gúnyán, màá kí ẹbí, màá sì gbọ́ ẹjọ́.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. A fi Oǹdó sí ìparí ìrìn-àjò.

A wo Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi tí ń já láti orí òkè ní ìpele méje. Ibẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtigùn rẹ̀ a máa yọ̀ lásìkò òjò. A fi í sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi méjì ni a mú níkẹyìn. Èkíní ni Òkè Ìdànrè, tí kò tó ìrìn wákàtí kan sí Àkúrẹ́ nínú ọkọ̀, nítorí a jẹ ara wa ní gbèsè ibẹ̀ láti ọdún 2009. Èkejì ni Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ni Ìkọ́gòsì wà tẹ́lẹ̀, títí tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996.

Nígbà tí a bi ìyá ìyàwó wa ní Oǹdó nípa òjò, Màmá ní kí a mú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n gbà láti mú àbígbẹ̀yìn wa sọ́dọ̀. Nígbà náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbàgbé: “Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi o. Bí ẹ bá ṣubú lulẹ̀ lónìí, ìjọ yóò rí pásítọ̀ mìíràn kí oṣù tó parí. Ọmọ tèmi ni kò ní rí ọkọ mìíràn.”

Owó, fóònù, àti ọ̀rọ̀ ìjọ

Àjọ ni a dá. N2,500 ni a ń san fún alájọ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52, ó sì di N130,000. A kò fi owó náà sílé, nítorí a mọ ara wa. Bí ó bá wà nínú àpótí, owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò jẹ ẹ́, tàbí kí ẹni tí ó wà nínú ìṣòro kan ilẹ̀kùn lóru.

Ọdún 2023 dán wa wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó náírà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, jálá epo kan tí kò tó N200 sì fò sókè dé nǹkan bí N500. Owó ọkọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì! Àwa ọkọ ní kí a sún un di ọdún tó ń bọ̀. Ìyàwó wa kò bá wa jà. Ó kàn wo ẹ̀yìn àwòrán yẹn. A gé òru mẹ́rin kù sí mẹ́ta, ètò sì ń bá a lọ.

Nípa ti ìjọ, a kò yọ́ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú méjì ṣáájú, a sọ ọ́ ní gbangba pé a ń lọ sinmi, pé a kì í ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ níbikíbi, pé igbákejì wa ni kí wọ́n pè. A fi fóònù ńlá sílẹ̀ fún un. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni a mú lọ, Màmá ní Oǹdó àti igbákejì wa nìkan ni wọ́n sì ní nọ́ńbà rẹ̀.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ bi wá bóyá a ti fẹ́ di Òyìnbó. A fi Máàkù 6:31 hàn wọ́n, níbi tí Olúwa fúnra rẹ̀ ti pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ sí ibi ìdákẹ́jẹ́ láti sinmi, nítorí èrò pọ̀ tí wọn kò fi ráyè jẹun. A sì fi Deutarónómì 24:5 hàn wọ́n, níbi tí òfin ti dá ọkọ ìyàwó tuntun sílẹ̀ fún ọdún kan, kí ó má lọ sójú ogun, kí ó dúró sílé mú inú aya rẹ̀ dùn. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Kí Olúwa mú yín lọ, kí ó mú yín bọ̀ o.” Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi iṣu mẹ́ta ránṣẹ́.

Lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a dé Ìdànrè. Ilé àlejò kan tí ó ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wa sọ fún wa pé yàrá ti tán. Inú wa ru, ṣùgbọ́n a rí ibòmíràn tí ó mọ́, a sì sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, òjò kò rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, pẹ̀lú àwọn ibi tí a ti lè jókòó mí lójú ọ̀nà. Òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí di nǹkan bí ọdún 1923 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni àjọ UNESCO ti kọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ní ibi ìsinmi kẹta, ìyàwó wa ní kí a jókòó díẹ̀. Ó mu omi. A ń wo òrùlé páànù ìlú nísàlẹ̀ àti oko kòkó lẹ́yìn rẹ̀. Láìwo ojú wa, ó ní, “Dádì, ẹ rántí oyún ọdún 2007?”

A ní a rántí.

“Ọjọ́rú ni ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti lọ sí àpéjọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì bi mí léèrè rí bí ó ti rí lára mi.”

Ẹ̀yin ará, ọdún 16 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọdún 16 náà, àwa ọkọ ti gba àìníye tọkọtaya nímọ̀ràn. A ti kọ́ni nípa ìdílé láti Ọ̀wọ̀ dé Òkìtìpupa. A sì ń gbé pẹ̀lú ẹni tí ó gbé òkú ọmọ nínú ọkàn rẹ̀, nínú yàrá kan náà, lórí ibùsùn kan náà, a kò sì mọ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ sọ. Kò rí wákàtí kan tí kò sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì fò lọ lórí wa. A kò ka ẹsẹ kankan fún un. A kàn sọ pé, “Jọ̀ọ́, má bínú. Báwo ni ó ti rí lára rẹ?” Ó sì sọ ọ́. Ó pẹ́ tí ó fi ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan gòkè kọjá wa, wọ́n kí wa, a dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó parí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí a máa lọ, pé òun fẹ́ rí ààfin. A sì gun òkè náà dé orí.

Omi méjì ní Ìkọ́gòsì

Lọ́jọ́ kejì, a gba inú Àkúrẹ́ kọjá, a kò sì yà sílé! A gba Ìgbàrà-Òkè àti Ìgbàrà-Odò dé Ìkọ́gòsì. Ní àwọn ọdún 1950, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ni ó ṣètò ibẹ̀ di ibùdó ìpàgọ́. Omi gbígbóná ń ṣàn láti apá kan, omi tútù láti apá kejì, wọ́n sì pàdé lábẹ́ igi ńláńlá. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èyí, kí ó fi ìkejì sínú ìyẹn. Ìyàwó wa fi tirẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì kékeré dún. Bàbá arákùnrin kan nínú ìjọ ti sùn nínú Olúwa, àwọn ẹbí sì ń béèrè wa. Àwa ọkọ ti dìde, a ti ń wá bàtà. Lẹ́yìn náà ni a jókòó padà. A pe arákùnrin náà, a bá a kẹ́dùn, a gbàdúrà fún un, a sì sọ fún un pé igbákejì wa ń bọ̀ lálẹ́ yẹn, àti pé a ó dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó dúpẹ́. Nǹkan kan kò bàjẹ́. A ti rò láti ìgbà pípẹ́ pé bí a kò bá sí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò wó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a yà sí Oǹdó láti mú ọmọ. Màmá wo ojú ọmọ wọn, wọn kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n ní, “Iyán ti délẹ̀.”

Ìmọ̀ràn wa fún tọkọtaya

1. Ẹ dá ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò mú yín dúró lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí a kò dá kì í pé.

2. Ẹ dá àjọ fún un, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ọwọ́ yín kò ti tètè tó o. Ẹ má yáwó lọ sinmi.

3. Ẹ má lọ sí ilé ẹbí. Ẹbí dára, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í sinmi nílé ìyá ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sinmi nílé ìyá rẹ̀.

4. Ẹ wo yàrá kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ mọ̀ lọ wò ó. Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára tiwa.

5. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n, ẹ rìn ní ojúmọmọ, kí ẹ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀, ẹ mú omi, ẹ mú oògùn yín.

6. Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Bí ẹ bá mú un lọ, gbogbo àwọn tí ẹ fi sílé ti bá yín lọ nìyẹn.

7. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má lọ fi ọ̀nà náà ṣe ìwàásù. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì dákẹ́.

Bí agbára yín kò bá ká òru mẹ́ta, ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta kan gun Òkè Ìdànrè kí ẹ sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọlọ́jọ́ orí bá ni yín tí orúnkún kò gba àtẹ̀gùn, ẹ wá ibi tí òjìji wà, kí ẹ gbé àga méjì síbẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn ọgbà.

A kò sọ pé Kàríbíánì kò dára. Bí Olúwa bá pèsè, tí ọmọ yín bá rọ́wọ́ mú, tí ìjì kò sì jà, ẹ lọ, kí ẹ kí àwọn ará Abẹ́òkúta tó wà lọ́hùn-ún fún wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ rí i dájú pé ẹni tí ẹ ń mú lọ, ẹ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwòrán náà ṣì wà nínú Bíbélì ìyàwó wa. Ó ti fi bírò kọ nǹkan mìíràn sábẹ́ èyí tí ó fi pẹ́ńsùlù kọ: “Ọdún 25. Ẹ̀ẹ̀kan.” Nísinsìnyí tí a ń kọ ìwé yìí, alájọ ti tún ń gba owó wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí Olúwa fún ilé yín ní ìsinmi. Àmín.